Káfíńtà Tí Oorun Kọ̀ Sílẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ọkùnrin náà na gbalaja sórí bẹ́ńṣì ọsibítù, ó gba àyè èèyàn mẹ́rin.

Obìnrin tó dúró tì í ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Ààrò ti jó o lápá, wọ́n sì ti fi báńdéèjì wé e láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìdúró. Ó wo ọkùnrin náà títí, ó ní:

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ra bẹ́ńṣì yìí ni, àbí ẹ kàn yá a?"

Ọkùnrin náà yí ojú sí i. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo lè dúró, mo lè dùbúlẹ̀. Ìjókòó ni èmi àti ẹ̀yìn mi ò tíì fẹnu kò lé lórí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà di ògiri mú, ó rọra dìde kó lè fi àyè sílẹ̀ fún un. Bó ṣe ń dìde, ó fi eyín di ètè, òógùn sì bò ó níwájú orí. Ojú wá ti obìnrin náà pé òun fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí ló ṣe ẹ̀yìn yín?"

"Káfíńtà ni mí. Mo tẹ pákó tó ti jẹrà lórí òrùlé, mo já bọ́."

"Wọn ò rí i tún ṣe?"

"Wọ́n tún un ṣe. Egungun ti jinná tipẹ́. Ìrora ni kò tíì gbọ́ pé egungun ti jinná."

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé búrẹ́dì kọjá lọ́sàn-án, lásìkò tí wọ́n bá ń gbálẹ̀ ìyẹ̀fun. Á fara ti káńtà, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Ó ti pa òrùlé tì. Fèrèsé, àpótí àti àga kéékèèké ló kù tó ń kàn. Ó bá obìnrin náà kan pẹpẹ sí yàrá rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe é. Lọ́jọ́ kan ni "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sí èyí tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni káfíńtà wí. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ pé kí o wá fẹ́ mi. Ara mi ò pé."

"Ta ni ara rẹ̀ pé? Wo apá mi, bíi èèpo búrẹ́dì tó jóná." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Káfíńtà mi, fẹ́ mi báyìí."

Ohun tí obìnrin náà kò tíì mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ oògùn ṣe jẹ́.

Dókítà ti fún ọkùnrin náà ní oògùn ìrora kan tó le, irú èyí tí wọn kì í tà láìsí ìwé dókítà. Ó ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ kó lè wọ bàtà, kó lè di òòlù mú. Oorun nìkan ni kò bá a wá. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ẹ̀yìn á ké. Bó bá yí sósì, á tún ké. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hóró kan kún ti alẹ́, kì í ṣe torí ẹ̀yìn, torí oorun ni. Hóró kan di méjì. Oorun tó ń sùn náà ò sì jọ oorun: á jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru sìmẹ́ńtì. Lọ́sàn-án, á máa tòògbé lórí pákó tó fẹ́ rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó sùn lọ ní yàrá obìnrin náà. Obìnrin náà jókòó tì í, ó ń lọ aṣọ. Lójijì, ó gbọ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Èémí ọkùnrin náà ti dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, àfi bó ṣe fà á sókè hàà, bí ẹni tí wọ́n yọ lódò.

Ó jí i. "O ò mí!"

"Mò ń mí, ayọ̀ mi."

"Mo ní o ò mí!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó máa lọ kí ìyá obìnrin náà ló bà á jẹ́. Ìyá yìí kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀rù àga ń ba káfíńtà: bí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú àgbà, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé hóró oògùn méjì mì kó tó kúrò nílé.

Ó jókòó dáadáa lóòótọ́. Ìyá bi í pé, "Níbo lẹ̀yin méjèèjì ti mọra?" Ó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ohùn rẹ̀ ń fà bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, àgbọ̀n rẹ̀ sì bọ́ sáyà. Itọ́ kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fara balẹ̀ lọ̀.

Ọmọ fẹ́ ta á jí. Ìyá gbé ọwọ́ sókè. "Jẹ́ kó sùn."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìdáná, ìyá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Àbúrò mi ọkùnrin, o ò bá a láyé. Eyín ló dùn ún. Oògùn eyín ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí eyín fi máa jinná, ó ti ta ibùsùn lábẹ́ ìyá wa. Ọmọ mi, oògùn ti fẹ́ ọkùnrin yìí kó tó rí ọ. Mi ò bí ọ láti lọ ṣe orogún oògùn."

Ọ̀rọ̀ kì í dúró síbi tí a sọ ọ́ sí. Ó dé etí ìyá káfíńtà, ojú sì tì í gan-an. Ó gba yàrá ọmọ rẹ̀ lọ, ó gbọn ìrọ̀rí, ó tú àpótí irinṣẹ́, gbogbo oògùn tó rí ló dà sí ṣáláńgá.

"Ó parí!" ló wí. "Wọn ò ní pe ọmọ mi ní ọmọ oògùn mọ́."

Kò parí. Kó tó di ọjọ́ kejì, káfíńtà ń yán láìdúró láìsùn, imú ń dà, ara ń bù ú, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà fúnra wọn. Ẹ̀yìn wá ń dùn ún bí ọjọ́ tó já bọ́. Nígbà tí obìnrin náà ti ibi iṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lórí irun rẹ̀, ìyá ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Mo ní kí n gba ọmọ mi là ni."

Obìnrin náà kò bá a wí. Ó wá ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà jẹ́ obìnrin tó ti hewú, ojú òun náà sì jọ ti ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó tọ́jú ọkùnrin náà títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀, ó wá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í já oògùn yìí gbà lójijì. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù, bí ìgbà tí èèyàn bá ń já ọmọ lẹ́nu ọmú." Ó kọjú sí káfíńtà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi èyí tí o fi kún un ṣe?"

"Mo fẹ́ sùn ni, mà."

"Torí ìrora la ṣe fún ọ ní oògùn yìí, kì í ṣe torí oorun. Ó ń kun ọ́ lóorun ni, kì í jẹ́ kí oorun rẹ jinlẹ̀. Ó tún ń dí èémí rẹ lọ́wọ́."

"Mo sọ fún un pé kò mí!" ni obìnrin náà wí.

"Òótọ́ lo sọ. Ẹlòmíì ò ní mí padà mọ́."

Káfíńtà wá béèrè, ohùn rẹ̀ kéré: "Ṣé mo ti di ọmọ oògùn ni, mà?"

"Kí oògùn mọ́ni lára yàtọ̀ sí kí ọkàn ẹni máa sá tọ̀ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ kan ti bọ́ sínú ìkejì. Fà á yọ báyìí tó ṣì ṣeé fà."

Ó ní wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ọtí tàbí oògùn oorun kún un. Kó máa rìn lójoojúmọ́, kó máa fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn, kó sì máa jí lásìkò kan náà láàárọ̀, ì báà sùn, ì báà má sùn. "Ìrora náà lè má tán. Mi ò ní tàn ọ́. Bí o ṣe máa bá a gbé láìjẹ́ kó di olówó orí rẹ là ń wá."

"Èmi ni n ó máa tọ́jú oògùn náà," ni obìnrin náà wí. Ìfẹ́ ló sọ̀rọ̀. Kò bi àárẹ̀ léèrè.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tó bá ti po ìyẹ̀fun tán, ó ń gbé oògùn lọ fún un. Tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ni ọkùnrin náà máa ń kọ́kọ́ wò. Báyìí, àpò rẹ̀ ló ń wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀kan péré, ìfẹ́ mi."

"Dókítà ní—"

"Dókítà ò ru ẹ̀yìn mi! Ṣé wọ́dà ni ọ́ ni? Ṣé ó ń dùn mọ́ ọ bí mo ṣe ń bẹ̀ ọ́?"

Obìnrin náà kò sunkún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹkún lọ. "Láti ìdájí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màá tún wá máa ṣọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo fẹ́ ṣe ìyàwó rẹ. Mi ò lè ṣe wọ́dà rẹ. Mi ò lè ṣe méjèèjì."

Ó kó àpò oògùn lé ìyá ọkùnrin náà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

Káfíńtà yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá fún àpò mọ́ àyà. "Ọmọ mi, mo dà á nù, ó kù díẹ̀ kí n pa ọ́. Bí mo bá fún ọ báyìí, màá tún fẹ́ pa ọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ìbéèrè yẹn wọ káfíńtà lára ju ìrora lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ ibi tó ń lọ fún ìyá rẹ̀, ó gba oògùn náà, ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá ilé oògùn àdúgbò. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ti òòjọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún mi. Bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ má dá mi lóhùn." Ọ̀gá náà pe dókítà lórí fóònù, dókítà fọwọ́ sí i.

Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbà á. Lákọ̀ọ́kọ́, á sinmi lẹ́nu ilé onílé bí arúgbó. Àwọn ọjọ́ kan wà tó sunkún lójú ọ̀nà. Kò yọjú sí ilé búrẹ́dì, torí kò fẹ́ fi ẹnu lásán lọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í padà bí ewúrẹ́ tó sọnù, tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì fẹ́ wọlé.

Ọ̀dọ̀ ìyá obìnrin náà ló kọ́kọ́ lọ.

"Mi ò wá tọrọ ọmọ lónìí, mà. Mo wá tọrọ àforíjì oorun tí mo sùn lójú yín."

Ètè ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó o níjàánu. "Ṣé o ti jáwọ́ nínú oògùn?"

"Rárá, mà. Ó ti dín kù gan-an, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lò ó. Ilé oògùn ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí, ó sì lè má fi mí sílẹ̀. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

"Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń búra fún wa pé òun ti jáwọ́," ni ìyá wí. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa wá sọ fún mi pé òun ò tíì jáwọ́." Ó nu ojú. "Lọ bá a. Ó wà níbi iṣẹ́. Kì í jẹun mọ́, kì í sì í sọ ìdí fún mi."

Obìnrin náà ń to búrẹ́dì nígbà tó wọlé. Ojú rẹ̀ ni káfíńtà wò, ojú rẹ̀ nìkan.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí, ìrora kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni. Dárí jì mí."

"Ó rẹ̀ mí, káfíńtà mi."

"Mo mọ̀. Ó rẹ èmi náà. Ṣé kó jọ máa rẹ̀ wá?"

Obìnrin náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó fi orí lé e láyà jẹ́jẹ́, kó má bàa ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù, ìyá méjèèjì ló jẹ́rìí sí i. Wọ́n ya fọ́tò kan, wọ́n jẹun, àlejò sì tètè tú ká. Nígbà tí ọkọ fi máa ti ilẹ̀kùn tán, ìyàwó ti sùn lọ fọnfọn lórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sórí àpá iná apá rẹ̀.

Káfíńtà di etí ibùsùn mú. Ó kúnlẹ̀ ní orúnkún kan, ó dúró kí ẹ̀yìn rẹ̀ bínú tán, ó wá kúnlẹ̀ ní ìkejì. Ó tú okùn bàtà kan, ó bọ́ ọ. Ó mí kanlẹ̀, ó sì nawọ́ sí èkejì.