Ẹnu Bàbá Nimat

Lọ́dún tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, Nimat fi ìborùn pupa so ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, ó wọlé dókítà eyín ní Kétu bí ẹni tó wá jà. Ojú nìkan ló hàn, àmọ́ ojú náà tó. Bánjọ, dókítà náà, gbàgbé irin sọ́wọ́.

"Dókítà, eyín ló ń dùn mí o, kì í ṣe ojú."

"Ẹ má bínú, Aunty. Ẹ la ẹnu."

Ó yọ eyín náà. Látìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Bánjọ kì í yà sílé Nimat n'Íkòsì, ó ní òun wá wo ojú eyín.

Nimat á ní, "Eyín mélòó lẹ yọ ná, tí wíwò rẹ̀ ò fi tán?"

Àmọ́ ìfẹ́ ti wọ òun náà lọ́kàn. Àwọn ẹbí Bánjọ wá tọrọ rẹ̀. Fàsásì, bàbá Nimat, tó ń ta irin l'Ówódé, gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó pẹ́ tí bàbá yìí ti máa ń fi aáṣà há ètè ìsàlẹ̀. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni Bánjọ ti rí i: inú ètè náà funfun, egbò pupa wà láàárín rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu yín."

Fàsásì pa ètè dé.

"Ṣé àgbò lo wá rà ni, tó o fẹ́ wo eyín mi?"

"Egbò yẹn ńkọ́, sà? Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Ìwọ lò ń dùn mí! Ẹ máa lọ!"

Nimat sáré bá a dé títì. "O ò lè ní sùúrù kí wọ́n fà mí lé ẹ lọ́wọ́ tán?"

"Nimat mi, egbò tí kì í dunni, tí kì í sì í san, òun ni mò ń bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, ìsinsìnyí ló ṣeé gé kúrò. Bí mo bá pàdánù ẹ, èmi ni màá sunkún. Bí mo bá dákẹ́, ìwọ lo máa sunkún."

Nimat padà sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, kò dìde títí bàbá fi gbà pé kí wọ́n yẹ egbò náà wò.

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò nílé ìwòsàn ńlá. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ta gbòǹgbò. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n rán ètè pọ̀. Ká ní ó pẹ́ sí i ni, àgbọ̀n ni wọn ìbá gé.

Fàsásì ò dúró kí wọ́n tú òwú ètè rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sáwọn àna. Dókítà tó gé e ti ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bánjọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá fà á dìde, ó mú ọwọ́ Nimat, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó wá tẹ́wọ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ò mì, omi ń dà lójú rẹ̀.

Gbogbo ilé ṣe àmín sí àdúrà tí ẹnì kankan ò gbọ́.