Ẹsẹ̀ Bàbá Ìbídùn

Ìbídùn jí kí àkùkọ tó kọ. Òní ni ọjọ́ ìrìn-àjò!

"Ìyá, ṣé ká máa lọ?"

"Kọ́kọ́ lọ bọ́jú ná."

Ìbídùn bọ́jú. Fìrì! Ó ti tán. Omi kò tilẹ̀ kan etí rẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ni bàbá Ìbídùn ti ń ṣe sójà. Ó wà ní Ṣábẹ̀, lábẹ́ àpáta ńlá. Ó ránṣẹ́ sí wọn ní Oko-Àkàrè. Ó ní, "Mo ti rí ilé kékeré kan fún wa. Ẹ máa bọ̀ o!"

Nígbà tí bàbá lọ, ẹ̀yìn ìyá ni Ìbídùn ṣì ń sùn. Ní báyìí, Òkè àbúrò rẹ̀ ló ni ẹ̀yìn ìyá. Bàbá kò tíì rí Òkè rí; inú ìyá ni Òkè ṣì wà nígbà tó lọ.

Ìyá àgbà gbé ẹ̀pà sísun wá, ó fi ewé dì í dáadáa.

"Ìbídùn, ti bàbá rẹ nìyí. Ó fẹ́ràn ẹ̀pà. Má jẹ ẹ́ lọ́nà o."

"Mi ò ní jẹ ẹ́, Ìyá àgbà."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá àgbà wí. Ó mọ ọmọ ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Ìyá pọn Òkè. Ó gbé ẹrù karí: ẹní, ìkòkò, igbá àti aṣọ. Ìbídùn gbé ẹ̀pà.

"Ó dàbọ̀, Ìyá àgbà! Ó dàbọ̀, ewúrẹ́! Ó dàbọ̀, igi ọ̀pẹ!"

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dun Ìbídùn. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ti gbàgbé ojú bàbá rẹ̀.

Ó di ojú, ó wá a. Ó rí ojú Ìyá àgbà. Ó rí ojú ewúrẹ́. Kò rí ojú bàbá. Bí a bá dé ọ̀hún, ta ni màá sáré lọ dì mọ́? Ẹ̀rù ń bà á.

Wọ́n rìn. Kẹ́sẹ́, kẹ́sẹ́, kẹ́sẹ́.

Wọ́n kọjá oko iṣu. Kẹ́sẹ́, kẹ́sẹ́. Wọ́n la odò kékeré kọjá. Ṣàbùlà, ṣàbùlà! Wọ́n tún rìn. Kẹ́sẹ́... kẹ́... sẹ́...

Ìbídùn jókòó sójú ọ̀nà. Gbì!

"Ìyá, ẹsẹ̀ mi ti sùn."

"Ó ti sùn? Jẹ́ kí n jí i."

Ìyá dúró, ó gbóhùn sókè:

"Àgbékẹ́ o, Àgbékẹ́!
Ọmọ a kọ ebè kó tọ́ bí okùn.
Ọmọ a gún iyán fún àlejò.
Ebè yín kì í wọ́,
ẹsẹ̀ yín kì í wọ́lẹ̀!"

Oríkì Ìbídùn nìyẹn. Orí Ìbídùn wú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Tín! Gìgísẹ̀ rẹ̀ mì. Tín-tín! Kó tó mọ̀, ó ti dìde.

"Yéè! Ìyá, kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Oríkì ni. Ẹsẹ̀ tó bá gbọ́ oríkì kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni í."

"Ẹsẹ̀ bàbá mi náà ńkọ́?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ti bàbá rẹ? Háà! Tirẹ̀ ló burú jù. Bí mo bá kì í lóko, á ju ọkọ́ sílẹ̀, á máa jó láàárín ebè."

"Kí ni oríkì rẹ̀?"

"Àkànmú. Àkànmú, ọmọ a kọ ebè kó tọ́ bí okùn."

"Àkànmú," ni Ìbídùn wí. Orúkọ náà dùn lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi kan kí wọ́n lè sinmi. Ìbídùn wo ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà ń ta sánsán.

"Ẹyọ kan kò ní hàn," ni ó wí. Kùrùmù!

Òkè na ọwọ́ láti ẹ̀yìn ìyá.

"Ẹyọ kan kò ní hàn," ni Ìbídùn tún wí. Òkè náà jẹ. Kùrùmù!

Wọ́n dé Pọbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dúró níbẹ̀, ó ń rú èéfín. Fíììì!

Òkè fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ìyá. Ìbídùn kò fi ojú pamọ́. Ó kàn di aṣọ ìyá mú ṣinṣin, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, fàkà-fìkì!

Igi ń sáré lọ sẹ́yìn. Ilé ń sáré lọ sẹ́yìn. Ọkùnrin kan jókòó níwájú wọn, ó dé fìlà pupa.

"Ìyá, ṣé bàbá mi nìyí?"

"Rárá o. Bàbá ẹlòmíràn nìyẹn."

Ó dun Ìbídùn díẹ̀. Ó wo ẹ̀pà. "Ẹyọ kan kò ní hàn." Kùrùmù! Òkè na ọwọ́. Kùrùmù!

Wọ́n dé Àjàṣẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi ọ̀sà lọ salalu, kò lópin. Ọlọ́kọ̀ fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ṣùlú, ṣùlú, ṣùlú.

Ọlọ́kọ̀ náà ga. Ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ṣé bàbá mi nìyí?"

"Rárá o. Bàbá ẹlòmíràn nìyẹn."

Ọlọ́kọ̀ gbọ́. Ó ní, "Ọmọ pọ̀ nílé mi bí ẹja inú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́, a lè sún mọ́ra."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Tó!

Ìyá fà á mọ́ra. "Kí ló dé, Àgbékẹ́ mi?"

"Mo ti gbàgbé ojú bàbá mi. Mo wá a, mi ò rí i."

Ìyá fa etí aṣọ rẹ̀ yọ. Ó nu ojú Ìbídùn.

"O kéré nígbà tó lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi gan-an, nígbà mìíràn, màá di ojú, màá wá a pẹ́ kí n tó rí i."

"Ìyá náà?"

"Èmi náà. Bí a bá dé ọ̀hún, màá tọ́ka sí i. Bí mo bá ti tọ́ka, kí o sáré."

"Ìyá yóò tọ́ka, èmi yóò sáré," ni Ìbídùn wí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó jẹ ẹ̀pà kan. Òkè jẹ ẹ̀pà kan.

Wọ́n gúnlẹ̀ ní Kútọnu. Wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú irin, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fíììì!

Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, fàkà-fìkì! Ìbídùn sùn. Fàkà-fìkì! Ìbídùn jí. Ọkọ̀ ṣì ń lọ. Fàkà-fìkì! Ìbídùn tún sùn.

"Dìde, Àgbékẹ́! A ti dé."

Ìbídùn la ojú. Ó rí àpáta ńlá tó jókòó sẹ́yìn ìlú bí erin. Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò bẹ̀rù ń gun ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀ o!" ni wọ́n ń kígbe.

"Bàbá mi ńkọ́?" ni Ìbídùn bèèrè.

Wọ́n gba ọ̀nà àgọ́ sójà lọ. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Àmọ́ ẹ ṣe wéré o. Àwọn sójà fẹ́ jáde lọ sọ́nà jíjìn, báyìí-báyìí. Ó di oṣù tuntun kí wọ́n tó padà."

"Oṣù tuntun kẹ̀?" ni ìyá wí. Ó sáré wọlé. Ìkòkò ń lu igbá lórí rẹ̀. Kóló-kóló-kóló! Ìbídùn sáré tẹ̀lé e.

Àwọn sójà nìyẹn lójú pápá! Wọ́n tò lọ bí ebè. Fìlà pupa, fìlà pupa, fìlà pupa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá gbé ọwọ́ sókè kó tọ́ka. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Ìyá, ẹ tọ́ka! Mo fẹ́ sáré."

"Ẹ̀yìn orí ni mò ń wò, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Gbogbo wọn ló rí bákan náà."

Sájẹ́ǹ Ṣàngóbíyì dúró níwájú àwọn sójà. Irunmú rẹ̀ tóbi bí ìgbálẹ̀. Ohùn rẹ̀ tóbi ju irunmú rẹ̀ lọ.

"GADAVÚ!"

Gbà! Gbogbo sójà dúró gbagidi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mira. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Bí eṣinṣin bá bà lé imú sójà, kó jókòó síbẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ìbídùn kígbe, "Bàbá mi o!"

Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

"Bàbá mi o!"

Kò sẹ́ni tó mira. Òkè bú sẹ́kún. Ìyá kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Sájẹ́ǹ ti la ẹnu láti pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ.

Ìbídùn wo ẹ̀yìn àwọn sójà. Ó wo apá wọn. Ó wo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹsẹ̀!

Ìbídùn kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó gbóhùn sókè, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe sójú ọ̀nà:

"Àkànmú o, Àkànmú!
Ọmọ a kọ ebè kó tọ́ bí okùn!"

Sájẹ́ǹ gbàgbé láti pa ẹnu dé.

"Ọmọ a gún iyán fún àlejò!"

Láàárín gbogbo ẹsẹ̀ yẹn, àtàǹpàkò kan mì. Tín!

"Ebè yín kì í wọ́,"

Gìgísẹ̀ kan gbéra. Tín-tín!

"ẹsẹ̀ yín kì í wọ́lẹ̀!"

Tín-tín-tín! Gìdì-gìdì! Sójà kan ń jó. Apá rẹ̀ kò mì. Orí rẹ̀ kò yí. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń jó, eruku sì ń sọ láláálá.

"Ta nìyẹn?" ni Sájẹ́ǹ bú ramúramù. "Ta ló ń jó nígbà tí mo ní kí wọ́n dúró?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, ọ̀gá," ni sójà náà wí. "Kì í ṣe èmi."

"Òun nìyẹn!" ni ìyá kígbe. Ó tọ́ka. "Ìbídùn, sáré!"

Ìbídùn sáré. Ó gba abẹ́ apá sójà kan kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ òmíràn. Ó di ẹsẹ̀ tó ń jó náà mú, ó sì dì í mú dáadáa.

Sájẹ́ǹ wo ọmọ. Ó wo ẹsẹ̀. Irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí ẹ̀rín ń pa á.

"Ògúnkọ̀yà!" ni ó pe bàbá Ìbídùn. "Ẹsẹ̀ bí irú èyí yóò da ẹsẹ̀ àwọn yòókù rú lọ́nà. Jáde kúrò nínú ìlà. Ìwọ ni yóò máa ṣọ́ àgọ́ títí a ó fi dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá!"

Sájẹ́ǹ yí padà. Ó rìn díẹ̀. Ó tún padà wá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìbídùn létí.

"Ọmọ dáadáa, ṣé o lè ki èmi náà? Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kì mí. Àjàó ni mí."

Ìbídùn kò mọ oríkì ilé Sájẹ́ǹ. Ó rò ó díẹ̀. Ó kúnlẹ̀:

"Àjàó o, Àjàó!
Ọmọ a kígbe kí àkùkọ jí!"

Àwọn sójà rẹ́rìn-ín kèékèé. Sájẹ́ǹ kò rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ ti wú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Tín!

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sójà ṣe lọ, ẹ̀rín lẹ́nu gbogbo wọn. Gbì, gbì, gbì! Sájẹ́ǹ ló ṣíwájú, ó ń fò díẹ̀-díẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ síwájú Ìbídùn.

Ìbídùn wo ojú rẹ̀. Ó wo imú. Ó wo ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo àlàfo kékeré tó wà láàárín eyín iwájú. Ó wò ó pẹ́.

"Kí lo ń wò báyìí?" ni bàbá bèèrè.

"Mò ń kó ojú yín pamọ́, bàbá. Kó má baà sá lọ mọ́."

Ojú bàbá kún fún omi. "Èmi náà ń kó tìrẹ pamọ́. Àgbékẹ́ o, Àgbékẹ́! Ọmọ a kọ ebè kó tọ́ bí okùn!"

Tín! ni àtàǹpàkò Ìbídùn wí. Bàbá gbé e sókè fíofío. Ó gba Òkè lọ́wọ́ ìyá, ó gbé òun náà. Òkè wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì fà á ní imú.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ kú àtijọ́," ni ìyá wí. Ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, ìyá àwọn ọmọ mi."

Wọ́n wọ ilé kékeré náà. Ìyá tẹ́ ẹní. Ìbídùn rántí nǹkan kan.

"Bàbá! Ìyá àgbà ní kí n gbé ẹ̀pà fún yín."

"Ẹ̀pà! Ẹ̀pà Ìyá àgbà!" Bàbá gba ewé náà. Ó tú u. Ó wò ó. Ó gbọn ewé náà wò.

Ẹ̀pà kan ṣoṣo ló bọ́ sílẹ̀. Kó!

"Ta ló jẹ ìyókù?"

Òkè wo àjà ilé. Ìyá wo ìkòkò. Ìbídùn fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi ni, bàbá," ni Ìbídùn wí. "Kì í ṣe èmi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà pupa fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó fọ́ ẹ̀pà kan náà sí wẹ́wẹ́, gbogbo wọn sì jẹ níbẹ̀.