Àlejò ní Ebúté Ìyá Rẹ̀

Ó ti rẹ Ìtùnú kí bọ́ọ̀sì tó dé rárá. Láti ìdájí ni òun àti ìyá rẹ̀ ti dúró ní oríta Ọ̀kà, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ bọ̀ láti orí àpáta, tí àwọn méjèèjì sì ń yán. Bàbá Ìtùnú, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀, ló ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó rí oorun sùn nínú ilé.

"Má gbàgbé iṣẹ́ tí mo rán ọ o," ni Theresa, ìyá rẹ̀, wí. "Bí ẹ bá ti dé ebúté tí kíláàsì yín ń lọ wò, béèrè bàbá mi, Bàbá Zachariah. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ti bá tíṣà yín sọ̀rọ̀, wọ́n ní àyè wà nínú bọ́ọ̀sì."

"Ṣé wọ́n máa gbà, Mọ́mì?"

"Lórí fóònù, wọn ò gbà. Omi ti jẹ ẹ̀yìn ilé wọn tán, ó ku yàrá. Síbẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò lè wá jókòó sílé ọkọ ọmọ kí àwọn di ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Èmi ì bá lọ fúnra mi, ta ni yóò máa yí bàbá ẹ padà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá rí ọmọ ọmọ wọn lórí ìkúnlẹ̀, wọn ò ní lè kọ̀."

Bọ́ọ̀sì dé láti Ìkàrẹ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ Ìtùnú wà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó rí ojú Theresa, inú Ìtùnú sì dùn sí i. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìlàjẹ ni Theresa, ọmọ etí omi, ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́. Hephzibah, ọ̀rẹ́ Ìtùnú tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, máa ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu "ìyá ẹlẹ́ja" kan jẹ ní kíláàsì, gbogbo wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà máa ń bá wọn rín in. Kò sọ pé ìyá òun ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ará Ọ̀kà pọ́ńbélé ni ìyá òun.

Ọ̀nà náà kò ṣeé sọ. Wọ́n kọjá Ọ̀wọ̀, wọ́n kọjá Òǹdó, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, kòtò kan ń fà wọ́n lé kòtò kejì lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kọjá Igbókòdá dé ebúté náà, ọrùn ń dun gbogbo wọn, Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, tíṣà wọn, kò sì lókun láti pariwo mọ́.

Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ni wọ́n ń kàn ní ebúté yẹn, ọkọ̀ tó ń kó ẹja àti igi lọ sí Èkó. Ariwo òòlù kì í dákẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, pákó wọ́n, ọkọ̀ oníke dé, àwọn ọ̀dọ́ sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ní báyìí, wọ́n ti fi ọ̀dà kun àwọn àgọ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n to àga oníke sétí omi, wọ́n ń ta mínírà, àwọn àlejò sì ń wá ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá dúró lẹ́nu géètì, ó ń bá àwọn agbowó fa ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri kó àwọn ọmọ wọlé.

"Bàbá Zachariah rèé," ló wí. "Nínú gbogbo àwọn agbẹ́kọ̀ ibí, àwọn nìkan ló kù."

Bàbá náà jókòó ti ọkọ̀ kan tí wọn kò kàn tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kàn tán. Ó wọ bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òòlù lu pákó díẹ̀díẹ̀ kí fọ́tò lè dùn ún wò.

"Ẹ wo bàbá bí ère," ni Hephzibah wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbójú sókè. Ó wo Ìtùnú, ó tún un wò, ó sọ òòlù kalẹ̀, ó sì rọra dìde.

"Ọmọ Theresa," ló wí, pẹ̀lú ohùn etí omi tí Hephzibah máa ń sín jẹ gan-an. "Ṣé ìwọ rèé? Ojú ìyá ẹ lo gbé wá."

Hephzibah yíjú padà. "Ìtùnú, ṣé ẹ mọra ni?"

Orúnkún Ìtùnú ti ń tẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò ó, ó sì ti ń gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n máa rín ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Rárá, sà," ló wí lórí ìdúró. "Ẹ fi mí pe ẹlòmíì ni. Mi ò mọ̀ yín rí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. 

"Ẹ má bínú, àlejò wa," ló wí. "Ojú àgbà ni. Ẹ káàbọ̀ o."

Ó jókòó, ó mú òòlù rẹ̀, ó sì ń lu pákó lọ fún àwọn tó ń ya fọ́tò. Bàbá àgbà ló ń kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bí àlejò yẹn. Ó dun Ìtùnú ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Wọ́n fún un ní mínírà, kò lè mu ún.

Nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì padà, Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ka orí wọn, ó sì dúró. "Ìtùnú, bàbá àgbà ẹ tó fẹ́ bá wa lọ dà? Ìyá ẹ ní agbẹ́kọ̀ ni, Bàbá Zachariah."

Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú sí Ìtùnú.  Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré padà sí àgọ́, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá náà, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ló ní kí n wá pè yín. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ẹrẹ̀ ń ba aṣọ ilé ìwé ẹ jẹ́." Bàbá nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, Ìtùnú sì rí àpò kan tí wọ́n ti fi okùn di. "Látìgbà tí ìyá ẹ ti sọ fún mi pé ò ń bọ̀ ni mo ti di ẹrù. Mo sọ lọ́kàn mi pé, bí ọmọ yẹn bá dé, tó sì pè mí ní bàbá, màá tẹ̀ lé e."

"Ẹ tẹ̀ lé wa nígbà náà, bàbá," ni Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, tó ti dé ẹ̀yìn wọn, wí. "Ọmọdé ni. Ẹ fojú fò ó."

"Mo ti fojú fò ó, tíṣà. Kì í ṣe ìbínú." Ó kọjú sí Ìtùnú. "Bí mo bá dé Ọ̀kà, ojoojúmọ́ ni wàá máa wá irọ́ tí wàá pa nípa mi. Ó máa rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Èmi náà, ó ti rẹ̀ mí. Bá mi kí ìyá ẹ. Ní ara mi le."

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò bẹ̀ ẹ́. Kò lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, àyè bàbá ṣófo títí dé ilé. Hephzibah kò ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kìlómítà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé torí tiwa lo ṣe sẹ́ wọn? Bàbá tèmi náà, oko ni wọ́n ń ro ní Ifira. Ká ní o sọ ni, à bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, à bá gbàgbé."

Theresa ti ń dúró ní oríta. Bí Ìtùnú ṣe sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá ń wò, ó ń wá ẹni tó máa tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn, ó gbéra. Ìtùnú sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó ń retí ìgbájú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò lu ú.

"Ó dáa," ni Theresa wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Jẹ́ ká lọ sílé. Bàbá ẹ ò tíì jẹun."

Nígbà tí òjò dé, omi gba yàrá Bàbá Zachariah. Ó kó àpò rẹ̀ lọ sábẹ́ àgọ́, ibẹ̀ ló ń sùn, láàárín àga oníke àwọn àlejò. Ìtùnú ń pè é lórí fóònù nígbà gbogbo. Bàbá a máa dáhùn, a máa béèrè nípa ìwé rẹ̀, a máa ṣàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ Ọ̀kà mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí Ìtùnú sẹ́ bàbá àgbà rẹ̀, ìbẹ̀rù ẹ̀rín ló ní kó ṣe é. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tí a bá sẹ́ lójú rẹ̀ lè dárí jì wá, síbẹ̀ kó má tẹ̀ lé wa délé mọ́.