Aránṣọ Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wo Inú Òun

Ọ̀gá aránṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ọmọọṣẹ́ bá rán aṣọ tán, kì í wo ojú aṣọ náà. "Yí i, kí n rí inú rẹ̀!" ni yóò wí. Bí ibi tí wọ́n rán bá wọ́ díẹ̀, á tú u ká níṣojú oníbàárà, á fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi sunkún.

Ojú obìnrin tó ń bá a lọ aṣọ ló rí màbo jù. Onígbàgbọ́ ni, kò bímọ, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dúró. Bí ooru bá mú un lójijì nídìí áyọ́ọ̀nù, ọ̀gá á pariwo: "Ẹ fẹ́ ẹ o! Igi gbígbẹ wa tún ti ń jóná!"

Nǹkan oṣù ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti dúró láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ tún yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mo ti padà di ọmọge! Ìwọ igi gbígbẹ, tìẹ dà?"

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ọ̀gá mi, èyí kì í ṣe ohun ijó o. Àwa obìnrin ìjọ ń lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lọ́la. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ sì jẹ́ kí Jésù wo ọkàn yín náà."

"Kí ta ni wo abẹ́ ta ni? Ìwọ àti Jésù rẹ, ẹ máa lọ aṣọ yín lọ!"

Kò pẹ́, òórùn ń jáde lára ọ̀gá. Ó ń fi lọ́fíńdà bò ó, àwọn oníbàárà ń fọwọ́ bo imú. Àwọn ọmọọṣẹ́ tó ti pa lẹ́kún ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọge ti ń rùn o!"

Nígbà tí ìrora gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà mi orí. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, ó sì ti tàn ká. "Màmá, ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá."

Ọmọọṣẹ́ kan kò yọjú. Igi gbígbẹ ló ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀.

"Àbúrò mi," ni ọ̀gá wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ṣé Jésù lè gba irú èmi yìí? Inú ọkàn mi ti bàjẹ́."

"Ẹ yí i síta fún un bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi. Kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ìrora kò jẹ́. Orí ibùsùn ló ti jẹ́wọ́ ẹ̀gàn gbogbo tó ti ń gan ènìyàn, tẹkúntẹkún. Olúwa gbà á. Ọkàn rẹ̀ yè. Ara rẹ̀ kò yè; wọ́n ti sin ín.

Ìwọ ńkọ́, tó ń tú inú ẹlòmíràn wò, tí o kò jẹ́ kí a wo tìrẹ? Ìyá mi, bí ẹ̀jẹ̀ bá padà lẹ́yìn tó ti dúró, sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Má tilẹ̀ dúró de ẹ̀jẹ̀ kí o tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń jẹ ara, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ọkàn rẹ láìdùn ọ́. Jésù kò tíì sọ fún ọ pé o ti pẹ́ jù. Kúnlẹ̀ lónìí, nígbà tí orúnkún rẹ ṣì ń tẹ̀.