Ẹṣin Idẹ Abẹ́ Pẹpẹ Ártemis

"Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi fa igi ólífì náà tu!" Gumas ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé kọfí Petrolófo, ìlú wa, láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Igi tí bàbá bàbá bàbá mi gbìn! Mo jù ú sẹ́yìn, ó bọ́ sínú òkun, ẹja kú bẹẹrẹ. Mo wá yọjú wo ihò, àṣé ẹṣin idẹ kan ló dúró síbẹ̀. Ó yán, ó ní, 'Gumas, kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?'"

A rẹ́rìn-ín títí àga fi ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹṣin wà lórí tábìlì lóòótọ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, erùpẹ̀ pupa bò ó láti orí dé ìrù. Gumas ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun gàdàgbà sára gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní àkókò kan náà, lójúbọ òrìṣà Ártemis tó wà lórí òkè wa, Ọ̀mọ̀wé Erato, awalẹ̀pìtàn tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀, ṣí àpótí tó fi ẹṣin idẹ pamọ́ sí. Òfìfo ló bá. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n hú u jáde lábẹ́ pẹpẹ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n fi yíya fọ́tò rẹ̀ di òwúrọ̀. Ìyá náà figbe ta, àgùntàn òkè kejì gbàgbé koríko sẹ́nu. Ìjọba ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀: bí ohun kan bá sọnù, wọ́n á ti ibi ìwalẹ̀ pa, wọ́n á kó gbogbo ìṣúra wa lọ sí Áténì, olú ìlú. Àwa tí òrìṣà ti ń jẹun nílùú wa kí Áténì tó ní ẹnu ọ̀nà!

Ìnsípẹ́kítọ̀ Mavreas dé. Ojú ọkùnrin yìí mú débi pé ó ń rí ohun tí eṣinṣin ń rò.

"Ta ló wọ ibí láti àná?" ó bi Sotiris, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá, àti Gumas tó ń gbé omi mímu wá fún wa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o! Òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́."

"Mọ̀dámù, irú ilẹ̀ wo lẹ ti hú u?" ó bi Erato.

"Ilẹ̀ dúdú ni. Eérú ewúrẹ́ tí àwọn baba wa ń sun fún òrìṣà. A kì í fomi fọ idẹ, ọ̀gá. Bí ilẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́ láṣọ la ṣe ń fi í sílẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú á fi dé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀kalẹ̀ wá sílé kọfí.

"Gumas, o kú oríire! Ṣé kí n wò ó?" ni Mavreas wí.

"Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá mi! Kì í ṣe tiwọn o. Ìbejì ni wọ́n. Tiwọn sá lọ, tèmi dúró."

Mavreas mú igi ìtayín kan. Ó ha ẹ̀yìn ẹṣin, pupa ló jáde. Ó dojú rẹ̀ dé, ó ti igi bọ ihò abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Eérú dúdú dà sínú àwo kọfí, pẹ̀lú èérún egungun jíjó.

"Ilẹ̀ oko rẹ pupa bí ojú ọ̀mùtí. Níbo ni eérú ti wá?"

"Ìyàwó mi ló jó ẹran níbẹ̀, ọ̀gá."

"Lábẹ́ gbòǹgbò igi bàbá bàbá bàbá rẹ?"

"Ẹni da eérú leérú ń tọ̀!" ni Sotiris ké.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ni Mavreas wí. "O gbé omi wọlé, o fi bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo gbé ẹṣin jáde. Nílé, o fi ilẹ̀ oko rẹ kùn ún. Ká ní o fọ̀ ọ́ kó o tó kùn ún ni, mi ò bá má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ Petrolófo ni ẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tó o ti ń gbọ́ tí Mọ̀dámù ń kígbe pé a kì í fọ idẹ. O jalè tán, o ṣì pa òfin ìwalẹ̀ mọ́!"

Inú wa dùn, àyà wa wú. Olè Áténì wo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Erato gbá ẹṣin mọ́ àyà, ó ní, "Òkè wa ni yóò gbé!"

Nígbà tí a yíjú padà, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀. Gumas ti gba ibẹ̀ jáde, bàtà rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, kò bá a. Eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ dòní.