Ẹni Tó Jí Sikánà Warith

Bí ẹni gbé ọmọ tuntun ni Warith ṣe gbé sikánà náà wọ ṣọ́ọ̀bù Tohirat ní ọjà pákó Katako, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, eruku pákó bo orí Warith bí ewú. Tohirat tó ń tú kọ̀ǹpútà kan gbójú sókè wò ó, kò sì tètè gbójú wálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Ẹ̀rọ yìí ni bàbá mi olóògbé fi ń sọ fíìmù di àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Gbogbo kọ̀ǹpútà tuntun ló ní àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́."

"Haba! Ẹ fi àwọn agbéraga yẹn sílẹ̀. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tèmi, kì í tilẹ̀kùn mọ́ àgbà."

Lóòótọ́, Linux dá sikánà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kàn ń kùn ni, kò rìn. Tohirat yọ fáìlì tó ń jí i láti inú sídì àtijọ́. Pàbó. Ojoojúmọ́ ni Warith ń gbé àkàrà kọ́sáì gbígbóná wá láti Nasarawa Gwong, títí "Àǹtí" fi di "Tohirat."

Nígbà tó sú Tohirat, ó dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀.

"Warith! Ta ló ti bọ́tìnnì abẹ́ yìí, tó de ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀?"

"Èmi ni. Mo tì í kí kẹ̀kẹ́ má baà gbọ̀n ọ́n fọ́ lọ́nà."

"O wá jókòó, ò ń wò mí bí mo ṣe ń bá Linux jà!"

"Mo rò pé o ti rí i. Kò sóhun tí o ò mọ̀ lójú mi."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó ṣí i, ó ki fíìmù bàbá Warith bọ inú rẹ̀. Iná rìn gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, ìyá Warith sì yọ sójú kọ̀ǹpútà, ọmọge, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ọyẹ́.

Warith di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àyìnkẹ́ mi, jẹ́ ká jọ máa gbé."

Alhaji Sàláúdéènì, bàbá Tohirat, oníṣòwò aṣọ ará Ìlọrin, kò kọ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ fẹ́ra. "Ṣùgbọ́n kó ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọmọ mi kò ní máa tú irin láàárín ọkùnrin. Warith, ṣé wàá mú un tì í?"

Tohirat ti pinnu lọ́kàn. Bí Warith bá fi lè ní "bẹ́ẹ̀ ni," òun yóò kọ̀ ọ́, bó ti wù kó dun òun tó.

Warith dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣí i, n ò lè tì í. Tohirat tí kò níṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹlòmíràn ni."

Tohirat kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin náà ni mo fi jọ. Nígbà tí ìlú yìí dàrú, gbogbo ẹbí ní kẹ́ ẹ padà sí Ìlọrin. Ṣé ẹ ti ìsọ̀ yín?"

Alhaji pàtẹ́wọ́.

"Kai! Olóríkunkun méjì. Ẹ fẹ́ra yín, wallahi, kẹ́ ẹ má baà lọ ba ilé onílé jẹ́."

Lọ́jọ́ yìgì, ààfáà bi Tohirat bóyá ó gba Warith lọ́kọ. Ààfáà kò tíì parí ìbéèrè tí ìyàwó fi ní òun gbà.