Àpò Omi Inú Lanying

Omi ni Lanying kọ́kọ́ fi kí Entalai. Níwájú ọkọ̀ àwọn obìnrin ló jókòó lórí odò Sarawak lọ́jọ́ ìdíje, ó ń ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má dẹwọ́, ni àjẹ̀ rẹ̀ bá ta omi lu ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí odò.

“Arábìnrin, mo ti wẹ̀ láàárọ̀ o!” ni Entalai kígbe.

“Ó jọ pé kò mọ́!” Lanying ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn gba ipò kìíní, Entalai ló pariwo jù létí odò.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tó yá, Entalai mú Lanying lọ sí ilé gígùn tí àwọn òbí rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé. Indai Entalai, ìyá rẹ̀, fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, títí ikùn Lanying fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

“Ṣé ìwọ lo ni ín?”

“Ìyá, a ò tíì sùn pọ̀ rí.”

“Ta ló wá fún un lóyún? Kò ní wọ ilé yìí bí ìyàwó!”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Lanying. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. “Entalai, bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Mi ò lóyún, àmọ́ mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.”

“Ta ló ní mò ń lọ? Ọkàn mi, wọ bàtà rẹ. Ó di ọsibítù.”

Dókítà Ting fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. “Kì í ṣe oyún. Àpò omi ló so mọ́ awọ tó gbé ìfun dúró. Ọ̀pọ̀ dókítà ò rí irú rẹ̀ rí. Ó lè lọ́ ìfun pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde.”

“Ṣé ẹ máa la ikùn mi látòkè délẹ̀ ni? Ṣé màá tún lè wa ọkọ̀?”

“Ihò kéékèèké la ó dá. A ó ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, a ó fa omi inú àpò náà, a ó sì yọ àpò náà fúnra rẹ̀. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù la ó tó là á gbòòrò. Bó bá lọ dáadáa, wàá wa ọkọ̀.”

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Entalai ò lè jókòó. Ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ìgbà tó pẹ́, Dókítà Ting yọjú.

“Ó ti jáde tán! A ò la ikùn rẹ̀ gbòòrò.”

Entalai fò sókè, ó dì mọ́ dókítà, ó tún dì mọ́ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Lanying jí, Indai Entalai di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi, ẹnu mi yá ju ojú mi lọ. Dárí jì mí.”

“Màmá, ó dùn mí gan-an.” Lanying náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ṣùgbọ́n ẹ ti wá. Ẹ jókòó tì mí.”

Ni Entalai bá kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbá garawa irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbàn-ùn! “Lanying, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Lanying di ikùn mú. “Má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń dùn mí!”

“Dá mi lóhùn kí n dìde.”

“Mo gbà! Dìde, jọ̀ọ́!”

Kó tó di Gawai, ọdún ìkórè, Lanying ti padà sídìí àjẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Indai Entalai fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi la èso pinang, àmì ìgbéyàwó níbẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì, gbogbo ilé gígùn sì hó yèè. Oúnjẹ dé, àmọ́ ọkọ ìyàwó ò fi ọwọ́ aya rẹ̀ sílẹ̀.

“Entalai,” ni ìyá rẹ̀ wí, “fi ọwọ́ ọmọ mi sílẹ̀ kó rí i fi jẹun.”